Bí wọ́n bá ti sáìtì olè pa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹrù ẹni tí kò jalè?

#1 · Ìgbín_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn ọ̀dọ́ ń dárò Streameast, sáìtì tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ACE, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ńláńlá dá sílẹ̀ láti máa lépa àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́, kéde pé àwọn àti ọlọ́pàá Íjíbítì ti tì í pa. Orúkọ sáìtì 80 ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ìgbà bílíọ̀nù 1.6 ni àwọn èèyàn wọ ibẹ̀ láàárín ọdún kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n á rí orúkọ tèmi níbẹ̀?" Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí oṣù Kìíní ọdún 2012. Nílé níbí, ìyanṣẹ́lódì owó epo bẹntiróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn kafé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni FBI gbẹ́sẹ̀ lé Megaupload, sáìtì tí àwọn èèyàn ń kó fáìlì wọn sí. Ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 150 ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, pé owó tí àwọn tó ni ín pa lé ní mílíọ̀nù 175 dọ́là, pé àdánù tí wọ́n kó bá àwọn oníṣẹ́ lé ní mílíọ̀nù 500. Ọlọ́pàá New Zealand fi hẹlikópítà balẹ̀ sí àgbàlá Kim Dotcom, ẹni tó dá a sílẹ̀, ní Coatesville, lẹ́bàá Auckland, wọ́n mú òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn.

N ò bá wọn jà lórí pé wọ́n mú un. Àmọ́ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí fáìlì ń wà nínú rẹ̀, tí Megaupload háyà ní Virginia lé ní 1,000, ohun tó wà nínú wọn tó pẹtabáìtì 25. Bí ẹ bá fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń gba 500 GB, kọ̀ǹpútà 50,000 lẹ máa wá. Ṣé fíìmù olè ni gbogbo ìyẹn? Ọkùnrin kan wà ní Ohio tó ń ya fídíò eré ìdárayá àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, òun ló yà á, ó sì ń sanwó fún Megaupload kí wọ́n lè bá a tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń pa fáìlì mọ́ nílé ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ni sáìtì náà lọ. Ẹgbẹ́ EFF, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, bá a gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀ léraléra pé kí wọ́n jẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, ẹrù ò dé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí ni pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Ibi ìkófáìlì kékeré kan tí mo ń lò nígbà náà, tí n kò ní dárúkọ, jáyà nítorí ohun tójú Megaupload rí, wọ́n kógbá sílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohùn ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ki oríkì ìdílé wa láti orí ẹni tó tẹ agbo ilé wa dó. Màmá ti relé.

Ohun tí mò ń sọ ò ju báyìí lọ. Kí ìjọba mú olè. Ṣùgbọ́n kí ẹrù ẹni tí kò jalè padà dé ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ ìwé orúkọ àwọn tó wọ ibẹ̀ di àwọ̀n tí wọ́n á máa fi kó tẹja tàkàn. Kí lẹ rí sí i?


#2 · Ìyá_Olóòtú · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Àbúrò mi, mo kí ọ. Ọ̀rọ̀ ohùn ìyá yẹn wọ̀ mí lára gidigidi. Jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS ni mo ti wà nídìí fíìmù Yorùbá. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ, tí mo ń gé e, tí mo ń tò ó pọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní kí èmi náà ṣe tèmi. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ta ilẹ̀ kan kún un. Ọjọ́ Ẹtì la gbé fíìmù náà jáde. Kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, ọmọ àbúrò mi fi odindi fíìmù náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ní, "Ẹ kú oríire, Àǹtí, fíìmù yín dùn gan-an." Ọmọ náà ò mọ̀ pé ẹrù olè lòun fi ń kí mi. Àwọn òṣèré ti gbowó wọn, ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá sí lokéṣọ̀n ti gba tiẹ̀. Gbèsè ọdún mẹ́ta ló kù sí èmi lọ́rùn, ó sì tán ní oṣù tó kọjá.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Àṣírí ta ni? Ẹni tó tú fíìmù mi síta ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ò sọ ọ́, àwòrán òdòdó ló fi ṣe ojú. Mo mú ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n lọ mú orúkọ ẹni tí mò ń fẹ̀sùn kàn wá. Níbo ni kí n ti rí i? Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ.


#3 · Ọmọ_Ṣàgámù · Ọjọ́ Ajé, 9:58 àárọ̀

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹni tí ò bá jí nǹkan, kí ló ń bò mọ́lẹ̀? Kí wọ́n kó gbogbo orúkọ jáde, kí kálukú wá sọ tẹnu rẹ̀.


#4 · Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 11:21 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀dùn.

Mo wà lára àwọn tó ń gba ìwé lórí Z-Library. Ẹ rántí pé ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní 14 oṣù Kejì 2022, wọn ò sì wọlé títí di 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. A wọlé, wọ́n ní ká tètè wá fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gbẹ́sẹ̀ lé orúkọ sáìtì Z-Library. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni wọ́n mú ọmọ Rọ́ṣíà méjì ní Córdoba, lórílẹ̀-èdè Argentina, pé àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀. Sáìtì náà máa ń yangàn pé ìwé tó wà lórí òun lé ní mílíọ̀nù 11.

Ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi ní kí n kà, owó rẹ̀ lọ́dọ̀ olùtẹ̀wé ju owó oúnjẹ mi fún oṣù méjì lọ. Èyí tó wà nínú láíbìrì, ó ti pẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. N ò fi ìyẹn ṣe àwíjàre, ẹni tó kọ ìwé náà ní ọmọ tó ń bọ́, mo sì gbà pé ẹrù rẹ̀ ni mo gbé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí ìyẹn. Mo fi ímeèlì mi forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo gbà wà lábẹ́ orúkọ mi, títí kan ìwé ìṣègùn nípa àìsàn kan tó wà nínú ìdílé wa tí a kì í sọ síta. Ta ló ń ka àkọsílẹ̀ yẹn báyìí? Nígbà tí sáìtì náà jí padà ní oṣù Kejì 2023, wọ́n ní ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní orúkọ sáìtì tirẹ̀ tí á máa gbà wọlé. Inú àwọn ọ̀rẹ́ mi dùn. Èmi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá la ilẹ̀kùn fún èmi nìkan, ó mọ ìgbà tí mo wọlé, ó mọ ìgbà tí mo jáde, ó sì mọ ohun tí mo gbé dání.


#5 · Adáríòpó · Ọjọ́ Ajé, 11:35 àárọ̀

Ẹnì kan lẹ línkì Z-Library tuntun mọ́ ìdáhùn rẹ̀ níbí. Mo ti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ má fi línkì síbẹ̀.


#6 · Lọ́yà_Òkè_Àdó · Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

> Ẹni tí ò bá jí nǹkan, kí ló ń bò mọ́lẹ̀?

Ọmọ_Ṣàgámù, ilé tìrẹ ní ilẹ̀kùn, mi ò sì rò pé torí pé o jalè lo ṣe gbé e síbẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dá ẹ̀tọ́ yẹn mọ̀: ilé ẹni, lẹ́tà ẹni, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lórí fóònù. Òfin lè wọ inú rẹ̀ bí ìdí bá wà. Ìdí yẹn gan-an ló yẹ kí á máa béèrè.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Megaupload tí Ìgbín gbé wá. Kí ọlọ́pàá New Zealand tó balẹ̀ sí àgbàlá yẹn, GCSB, àjọ tó ń ṣe amí fún ìjọba wọn, ti ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ Dotcom. Òfin tiwọn nígbà náà kà á léèwọ̀ pé kí àjọ yẹn ṣe amí ọmọ ilẹ̀ tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú. Dotcom ní ìwé ìgbélùú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, olórí ìjọba wọn, John Key, tọrọ àforíjì ní gbangba. Wọ́n wá tú àkọsílẹ̀ àjọ náà wò, wọ́n rí i pé èèyàn 88 mìíràn ló ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ sí láti ọdún 2003. Ẹ ò rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí kì í bá ṣe pé ẹjọ́ olè fíìmù kan la ojú ibẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ nípa àwọn 88 yẹn? Kí sì ni ìjọba ṣe? Ní oṣù Kẹjọ 2013, wọ́n yí òfin náà padà, ìbò 61 sí 59, kí àjọ náà lè máa ṣe é lábẹ́ òfin.

Torí pé mo jẹ́ lọ́yà, ó yẹ kí n sọ apá kejì. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kọ́kọ́ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n fi túlé Dotcom ò bófin mu, pé wọ́n kọ ọ́ gbàràmù ju bó ti yẹ lọ. Ẹjọ́ náà lọ sókè. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní ìwé àṣẹ náà ní àbùkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọlọ́pàá ni ó jẹ̀bi gbogbo ẹ̀.


#7 · Ọmọ_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní London.

Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí wọn ò ti ní Fire Stick, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnì kan bá wọn "ṣe". Wàá san owó péréte lọ́dún, wàá rí gbogbo bọ́ọ̀lù, gbogbo fíìmù. Ẹ tún wo ọ̀ràn bọ́ọ̀lù yìí dáadáa. Eré Sátidé tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọn kì í gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn èèyàn lè máa lọ sí pápá. Bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Mushin ń wo eré tí èmi tí mò ń gbọ́ ariwo pápá láti ojú fèrèsé ò lè wò. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ sídìí ẹrù olè nìyẹn.

Ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ ní Derby rán ọkùnrin márùn-ún tó wà nídìí Flawless, tí wọ́n fi ń ta bọ́ọ̀lù olè, lọ sẹ́wọ̀n, ọdún tí wọ́n dá fún gbogbo wọn pọ̀ lé ní 30. Olórí wọn gba ọdún 11. Oníbàárà wọn lé ní 50,000. N ò káàánú wọn. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, FACT, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníṣẹ́ níbí, kéde pé àwọn àti ọlọ́pàá máa mú ìwé ìkìlọ̀ dé ilé tó lé ní 1,000. Níbo ni wọ́n ti rí àdírẹ́sì wọn? Láti inú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ta á ni, tí ọlọ́pàá kó nígbà tí wọ́n ya wọ ibi iṣẹ́ wọn.

Ẹ fojú inú wò ó. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò mi, tí kò mọ̀ ju pé ọmọ ìjọ bá òun ṣe tẹlifíṣọ̀n lọ, á ṣílẹ̀kùn lárọ̀ọ́, á bá ẹni tó gbé ìwé ọlọ́pàá dání. Ìwé ìgbélùú ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Jìnnìjìnnì tó máa bá ilé yẹn ju owó ìtanràn lọ.

Mo tún fẹ́ kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Nọ́ńbà káàdì báńkì tí ìyá yẹn fún wọn, ọwọ́ olè ló wà kó tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá.


#8 · Ìgbín_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Màmá, mo gbọ́ yín, ó dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ yín ló wà níwájú, tèmi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ni mò ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí "títì pa" ṣe ń rí, torí ọ̀pọ̀ rò pé bí ìgbà tí wọ́n bá fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù ni. Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n gba orúkọ sáìtì náà lọ́wọ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹ máa tẹ orúkọ náà, àmì FBI lẹ máa bá. Ọjà ṣì wà nínú sáfà, pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n yọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yọjú lábẹ́ orúkọ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbé sáfà fúnra rẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá Sweden ṣe é fún The Pirate Bay, sáìtì tí wọ́n ti ń rí fíìmù àti orin olè, ní 31 oṣù Karùn-ún 2006, wọ́n kó sáfà tó wà ní Stockholm, pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ ò kàn tó wà nínú yàrá kan náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré, sáìtì náà ti padà dé, èrò sì pọ̀ sí i. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ọ̀nà kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù, òun ni pé kí wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì dí àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì IP kan lè dà bí ilé alágbàálá tí ogún ayálégbé wà nínú rẹ̀. Ní Ítálì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní oṣù Kejì 2024 tí wọ́n ń pè ní Piracy Shield. Bí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù bá ti kọ àdírẹ́sì kan síbẹ̀, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dí i láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sí adájọ́ láàárín wọn. Nínú oṣù tó bẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n dí àdírẹ́sì kan tó jẹ́ ti Cloudflare, ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ sáìtì ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ sáìtì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì bá a lọ. Ní 19 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Google Drive ni wọ́n dí, ní odindi orílẹ̀-èdè. Ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ Sátidé yẹn, kí ló kàn án pẹ̀lú bọ́ọ̀lù? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.


#9 · Ìyá_Olóòtú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ìgbín, o ṣàlàyé, ó yé mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí etí mi gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìwọ gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà ọ́. Èmi gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi, torí ká ní mo ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ní Sátidé tí mo sọ, mi ò ní jẹ gbèsè ọdún mẹ́ta. Fíìmù kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn lè fi ọdún mẹ́wàá pe ẹjọ́ lé lórí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni owó rẹ̀ wà. Tí adájọ́ bá fi máa gbọ́ ẹjọ́ mi, ẹni tó fẹ́ wò ó ti wò ó tán.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ẹ̀rọ, ẹ̀ ń sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́, n ò bínú sí ọ. O sọ òtítọ́ tí ọ̀pọ̀ kì í sọ.

Ìgbín, ohùn ìyá yẹn, ṣé kò sí ibòmíràn tí o kó o sí?


#10 · Alátagbà_Ọ̀ṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ẹ fi èyí kún un. Ní oṣù Kẹfà 2021, tí ìjọba wa dí Twitter, irinṣẹ́ kan náà ni wọ́n lò. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi pa. Títí di 13 oṣù Kìíní 2022 la fi ń gba ojú VPN wọlé. Ìyàwó mi ń ta aṣọ òkè lórí rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà lókè òkun rò pé ó ti kú ni. Ilé ẹjọ́ ECOWAS padà ní ohun tí ìjọba ṣe ò bófin mu, ọjà ti bàjẹ́ kí ìyẹn tó dé. Ẹni tí ẹ bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí sáìtì nítorí fíìmù, ẹ má rò pé á gbàgbé ẹ̀kọ́ náà nígbà ìdìbò.


#11 · Lọ́yà_Òkè_Àdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:22 àárọ̀

Màmá, ìbéèrè yín tọ́, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe máa dáhùn rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Àkọ́kọ́ ni òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tuntun tí wọ́n pè ní ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023. Kó tó dé, òfin tí à ń lò ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ní báyìí, ẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí fíìmù yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ tọ́ka sí ibi tó wà gan-an, kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé tiyín ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó gbé e síbẹ̀, bí kò bá ní àlàyé, wọ́n á yọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣe é ní àṣetúnṣe lè pàdánù àyè rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún lè lọ bá NCC ti ìwé àti fíìmù (kì í ṣe NCC ti fóònù, ọ̀pọ̀ máa ń ṣi ibẹ̀ lọ), wọ́n ní agbára láti ní kí wọ́n dí ohun tó lòdì sí òfin. Kò yá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, n ò ní tàn yín. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà wà ní kíkọ sílẹ̀ kí fíìmù tó jáde, kó jẹ́ pé ibi tí ẹ ti rí i nìkan ló kù láti fi kún un.

Èkejì ni orúkọ olè tó ń jẹ́ òdòdó. Láti ọdún 1973 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti la ọ̀nà kan nínú ẹjọ́ Norwich Pharmacal, pé bí ẹnì kan bá bọ́ sáàárín ọ̀ràn láìmọ̀, tó sì mọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀, adájọ́ lè pàṣẹ pé kó dárúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹni yẹn nìkan ni o, adájọ́ sì ti gbọ́ ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú ẹni tí wọ́n ní òun ló ni KickassTorrents, sáìtì fíìmù olè mìíràn, fara jọ ìyẹn. Artem Vaulin, ọmọ Ukraine, Poland ni wọ́n ti mú un ní oṣù Keje 2016. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀sùn ṣe wí, àdírẹ́sì IP kan ra nǹkan lórí iTunes ní 31 oṣù Keje 2015, àdírẹ́sì kan náà sì ni wọ́n fi wọ ojú ewé Facebook sáìtì náà lọ́jọ́ yẹn. Apple mú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wá, Facebook mú tirẹ̀ wá, àwọn agbófinró fi méjèèjì wéra. Wọn ò tú ilé gbogbo ará ìlú láti rí ẹnì kan. Irú ọdẹ tí mo fẹ́ nìyẹn.


#12 · Ìgbín_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti bá yín rìn. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Wọ́n rí Vaulin torí pé Apple àti Facebook ti kọ ìrìn gbogbo wa sílẹ̀ ṣáájú, tolè tolóòótọ́. Àwa nílé ńkọ́? Abala 38 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún ọdún méjì. Láti oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n sì ti ní ká so NIN mọ́ SIM. Àdírẹ́sì IP ti di nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà fóònù ti di orúkọ, orúkọ ti di ilé tí mò ń gbé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Màmá, kásẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ṣì wà. Ó ti hu funfun, okùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ tí mo fi sí kẹ́yìn fẹ́ jẹ ẹ́. Mo yọ ọ́ kíá, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.


#13 · Lọ́yà_Òkè_Àdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán

Ọdún méjì yẹn pọ̀ jù, a jọ fẹnu kò síbẹ̀. Abala 38 kan náà ní kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àṣírí tí ìwé òfin fún wa, àmọ́ n ò rí ibi tó ti ní adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àlàfo yẹn ló yẹ ká dí.

Ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Ní 8 oṣù Kẹrin 2014, wọ́n wọ́gi lé òfin tó ní kí wọ́n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ará ìlú láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méjì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 30 oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbà fún Faransé pé kí wọ́n máa wo ẹni tó ni àdírẹ́sì IP tí wọ́n bá fi pín iṣẹ́ oníṣẹ́, níwọ̀n bí wọ́n bá tọ́jú àkọsílẹ̀ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ débi pé kò ní ṣeé fi mọ bí ẹni náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Inú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ò dùn. Èmi rò pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ohun tí Màmá ń wá. Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní gbà, Ìgbín.


#14 · Ìgbín_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:41 ọ̀sán

Mi ò gbà, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ lónìí, òfin mìíràn lè pa á pọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ̀rọ̀ ìbò 61 sí 59.


#15 · Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Màmá, mo kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ìwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo ní mo ti kà á láìsanwó, mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò tíì dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù yín yẹn, níbo ni mo ti lè sanwó kí n wò ó?


#16 · Ọmọ_Ṣàgámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo fa ọ̀rọ̀ mi àná sẹ́yìn díẹ̀. Ti ìyá àgbà Peckham yẹn ló mú mi ronú. Ìyá tèmi náà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé, èmi ni mo rà á fún wọn.


#17 · Ìyá_Olóòtú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Lọ́yà, mo ti da ọ̀rọ̀ yín kọ. Fíìmù kejì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Lẹ́tà yẹn á ti wà nínú àpò mi kó tó jáde. Lórí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, n ò tíì yí ọkàn padà.

Akẹ́kọ̀ọ́, màá fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí ọ. O ṣeun, ọmọ mi.

Ìgbín, gbọ́ mi dáadáa. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn, má fi í sínú ẹ̀rọ kankan mọ́. Má nù ún, má sá a sóòrùn, má jẹ́ kí ọmọdé fi bírò yí i. Fi bébà wé e, kí o gbé e síbi tó gbẹ. Bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti gba irú rẹ̀ padà nìyẹn nígbà tí VHS bá hu, mo ti ṣe é fún fíìmù àwọn ọ̀gá wa tó ti lọ. Abẹ́òkúta ni mo wà. Má kọ àdírẹ́sì rẹ síbí, fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí a jọ mú ọjọ́.